Àdá Tí Kò Jẹ́ Kí Abẹ́rẹ́ Dúró

Ní ẹ̀yìn ìlú Ẹgbẹ́dá, èmi ni mò ń gbé ẹ̀rọ fún òyìnbó yunifásítì tó ń wọn agbára òòfà inú àpáta. Ìwé kejì ni mo kà dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbé e bíi tèmi.

Lọ́jọ́ kan, nínú oko kòkó bàbá kan, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ń gbọ̀n ṣáá. Àdá ọwọ́ bàbá náà ló ń fà á.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àdá yín jìnnà.”

“Ìwọ arẹrù yìí! Ẹni tó gba àdá lọ́wọ́ olóko, ṣé kì í ṣe oko ló gbà?”

Mo ní kì í ṣe ilẹ̀ là ń wá. Mo ní òyìnbó sọ pé irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi wo ìsàlẹ̀ òkun. Òòfà inú àpáta ibẹ̀ tò ní ìlà-ìlà, ti ọ̀tún àárín òkun bá ti òsì mu, òun ni wọ́n fi mọ̀ pé òkun ń fẹ̀ láti àárín.

“Ó ń fẹ̀? Ilẹ̀ ta ló ń gbà?”

Mo wojú òyìnbó. Abẹ́rẹ́ tó ṣì ń gbọ̀n ló ń wò.

A kó ẹrù wa láìrí nǹkan kan wọ̀n. Bàbá sìn wá dé ààlà, àdá lọ́wọ́.