Omi Tí Ìyá Sùúrù Gbé fún Oníbọn

Sùúrù awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Mo dojú bolẹ̀ ni. Etí nìkan ni mo ní lọ́jọ́ náà.

Ayé ìgbà tí wọ́n ní ká máa pe ara wa ní kàmárádì ni. Èmi, Sùúrù àti ìyá rẹ̀ ti kó àgbàdo sínú bàṣé Sùúrù, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀, ní Misérété nígbà tí rédíò kéde pé àwọn àjèjì tí wọ́n sanwó fún ti gbé ìbọn wọ Kútọnu. Àjàṣẹ́ ni ilé wa wà. A forí lé ọ̀nà.

Lẹ́nu bodè ìlú, àwọn mìlísì, aráàlú tí ìjọba kó ìbọn fún, ti fi igi dábùú ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn bi mí léèrè orúkọ. Èkó ni wọ́n bí mi sí, Faransé mi kò já gaara.

"Ọ̀kan nínú àwọn àjèjì náà nìyí. Dojú bolẹ̀."

Yanrìn wọ̀ mí lẹ́nu. Sùúrù sọ pé ọwọ́ kan ni ọmọ náà fi na ìbọn ìléwọ́ sí mi, ó fi ọwọ́ kejì sẹ́yìn bí ọ̀gá, ìbọn sì ń gbọ̀n. Ṣẹ́fù wọn, ṣójà àgbà kan, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́:

"Kàmárádì, ọwọ́ kan, ti fọ́tò nìyẹn. Bó o bá yìn ín bẹ́ẹ̀, awakọ̀ lo máa pa. Fi ọ̀tún di ìdí ẹ̀ mú, fi òsì gbé e ró."

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́, Ṣẹ́fù?"

"Yà á díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Èmi ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ọmọ náà ń mí gúlegúle, mo rò pé ó lè tàsé. Wàyí o, mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ rọlẹ̀.

Ni ìyá Sùúrù bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé igbá omi dání.

"Ọmọ mi, oòrùn ti pa ọ́. Gba omi."

"Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Ọwọ́ ń ro mí o."

Ọmọ náà na ọwọ́ òsì. Ìyá fa igbá sẹ́yìn.

"Òsì? Èmi tí mo ju ìyá tó bí ẹ lọ? Ilé ta ni wọ́n ti tọ́ ẹ?"

Sùúrù ní ọmọ náà wo Ṣẹ́fù, Ṣẹ́fù wo ojú ọ̀nà. Ọmọ náà ki ìbọn bọ ìbàdí, ó tẹ orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá. Igbá ń mì. Nǹkan tútù dà sí mi lọ́rùn. Mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ni, pé ìbọn ti dún tí n kò gbọ́. Mo ń retí ìrora.

"Awakọ̀, gbé ọkùnrin yìí kúrò níwájú mi," ni Ṣẹ́fù wí.

Sùúrù fà mí sínú ọkọ̀, ó wà wá délé. Ìyá Sùúrù ti kú báyìí. Títí dòní, bí omi bá ta sí mi lọ́rùn lójijì, mi ò lè mira.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, ká ní ìwọ lo di ìbọn náà mú, tí ọ̀gá ń wò ẹ́, ṣé wàá gba omi?