Ìṣó Mẹ́ta Lára Àgbá Wàrà Zöhre

Ogójì ọjọ́ gbáko ni Zöhre lò ní ìlú Konya lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó wẹ ọmọ, ó tọ́jú ìyá ọmọ, ó se ọbẹ̀, ó gbálẹ̀, títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Nígbà tí bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè Toros, tó gòkè dé abúlé, kò tilẹ̀ jókòó. Ó wo àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ tẹ ọmú wọn wò, ó ní, "Ẹ ò kúkú kú." Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá tútù tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń tọ́jú wàrà sí, ó na ọwọ́ sí igun tí àgbá rẹ̀ máa ń wà. Ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri.

Ó tún na ọwọ́. Ògiri náà ni.

Àgbá yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà lọ́jà. Ọdún tí Zöhre pé mẹ́tàdínlógún, tí wọ́n fẹ́ fi í fún Durali ọkọ rẹ̀, ni bàbá rẹ̀ gé igi kan lórí òkè, tó fi oṣù kan gbáko gbẹ́ inú rẹ̀. Àgbá náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga dé àyà obìnrin, kò sì sí ìṣó kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ó ní ọmọ tirẹ̀, bí odó ṣe ń ní ọmọ: ọ̀pá gígùn tí pátákó roboto oníhò wà ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń gúnyán ni Zöhre ń gún wàrà kíkan nínú rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú omi kànga tó tutù, títí bọ́tà yóò fi léfòó. Yóò kó bọ́tà kúrò. Ohun tó bá kù, tó ń hó kùṣùkùṣù, ni yóò bu iyọ̀ sí. Ayran nìyẹn. Àwọn olùkórè máa ń mu tirẹ̀ títí irunmú wọn á fi funfun, wọ́n á sì tún na ife.

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló fi gún un. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin Durali, ó gún un, nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn tó ń gbẹ́ sàréè.

"Gülizar!" ló ké.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò tutù.

"Ìyàwó, àgbá mi dà?"

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé tíì wá."

"Mi ò bi ọ́ ní tíì. Àgbá mi dà?"

Gülizar wolẹ̀. "Ẹ bi ọmọ yín. Mo sọ fún un, Ìyá. Ọlọ́run gbọ́, mo sọ fún un."

Ọmọ tí ó ń wí ni Seyfi, ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún márùndínlógójì tó ń fi katakata ro oko fún ará abúlé, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló wọlé, ó na apá méjèèjì.

"Ìyá mi arẹwà! Konya ti sọ yín di ọmọge!"

"Àgbá mi dà?"

"Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ rántí Nevzat, tí a jọ ṣe iṣẹ́ ológun? Ó ti ṣí ilé oúnjẹ sẹ́bàá títì nísàlẹ̀. Ó wá kí mi, ó rí i..."

"O tà á?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo fún un ni. Ẹ̀bùn."

"Ẹ̀bùn ta?"

"Ìyá, nǹkan àtijọ́ ni. Màá ra oníná fún yín, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ báyìí ni, ó parí. Ó kàn wà nílẹ̀ lásán, kò sẹ́ni tó ń lò ó."

"Ogójì ọjọ́!" Ohùn Zöhre gba inú ilé kan. "Ogójì ọjọ́ ni mo fi lọ, mi ò kú! Tí mo bá pẹ́ tó ọgọ́ta ńkọ́, wàá ti fi bẹ́ẹ̀dì mi náà ta ẹni kan lọ́rẹ?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Gülizar. Ọkọ rẹ̀ wò ó, Gülizar sì sáré jáde lọ bá àwọn ewúrẹ́. Zöhre kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìbínú ti kún inú rẹ̀ débi pé oúnjẹ kò ríbi gbà.

Lọ́jọ́ kejì ó wé gèlè rẹ̀ tó dára jù, èyí tó fi ń lọ síbi òkú. Gülizar náà wọ bàtà, kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Seyfi tẹ̀ lé wọn dé ibi tí bọ́ọ̀sì kékeré ti ń gbérò.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí."

"Ojú wo? Èyí tó o fi wo àgbá mi tó o fi rí ẹ̀bùn?"

Kí wọ́n tó wọ ilé oúnjẹ náà ni Zöhre ti rí àgbá rẹ̀. Wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n fi fáníìṣì kùn ún títí ó fi ń dán bí orí apárí tó pa òróró, wọ́n ki òdòdó oníke bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìṣó mẹ́ta, gígùn bí ìka ọwọ́, ló gba ikùn rẹ̀ kọjá. Pátákó kan wà lókè rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: AYRAN ÌYÁ ÌYÁ WA, BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É LÁTIJỌ́.

"Ọmọ rẹ̀ dà?" ni Zöhre bèèrè.

Gülizar ti rí i. "Ìyá, ẹ má wo ọ̀hún."

Ó ti wò ó. Wọ́n fi ọmọ àgbá dábùú orí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀, wọ́n so àwòrán obìnrin kékeré kan rọ̀ lára rẹ̀ kí àwọn àlejò lè mọ ibi tí obìnrin ń gbà wọlé. Zöhre jókòó sídìí tábìlì, ó ní kí wọ́n gbé ayran wá.

Ọkùnrin agbáwo gbé ife oníke kan wá, tí wọ́n ti fi bébà fàdákà lẹ̀ lẹ́nu.

"Ta ló gún un?"

"Gún kí ni, Màmá?"

"Ayran yìí. Ta ló gún un?"

"Ọkọ̀ ló ń gbé e wá, Màmá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun."

"Áà. Ìyá ìyá yín, ọkọ̀ ló ń gbé e wá ní Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun?"

Àwọn awakọ̀ tó wà ní tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín. Nevzat gbọ́, ó jáde láti inú, irun rẹ̀ ń dán bí àgbá ara ògiri rẹ̀.

"Màmá Zöhre! Ẹ gbọ́wọ́ wá kí n fẹnu kò ó."

Zöhre kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Nevzat, yọ ìṣó yẹn."

"Màmá, ẹ wò ó bó ṣe ń dán. Nílé yín, eruku ló bò ó. Níbí, gbogbo ayé ló ń ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ wá dúró tì í, kí a ya ẹ̀yin náà. Oúnjẹ ọ̀sán yín, ọ̀fẹ́ ni."

"Yọ ìṣó yẹn."

"Seyfi ló fún mi, lójú ẹlẹ́rìí."

"Ṣé Seyfi ló bí mi ni, àbí èmi ni mo bí Seyfi? Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Ó ti kú kí wọ́n tó bí Seyfi. Ta ló wá fún Seyfi?"

"Màmá, ẹ rọra, àwọn oníbàárà ń jẹun."

"Kí wọ́n jẹ! Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ? Ẹ jẹun o, ẹ̀yin ará! Ẹ sì mu ayran ìyá ìyá rẹ̀, ọkọ̀ tó gbé e wá kò tíì jìnnà!"

Ó wọ́ àga kan dé ìdí ògiri, ó gùn ún, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Gülizar di ẹsẹ̀ àga mú. Zöhre fa òdòdó yọ, ó sọ ọ́ sílẹ̀; ó fa àgbá, ìṣó han, kò jáde. Nevzat ní òun máa pe ọlọ́pàá.

"Pè wọ́n! Mo ń dúró. Kí wọ́n wá sọ fún mi orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó kan ohun olóhun mọ́ ògiri!"

Nígbà náà ni obìnrin alásè jáde láti ilé ìdáná, ìyẹ̀fun dé ìgbúnwọ́ rẹ̀, ó gbé òòlù lé Zöhre lọ́wọ́.

"Şerife! Padà sídìí iná!" ni Nevzat ké.

"Mò ń bọ̀," ni Şerife wí, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀ títí ìṣó kẹta fi jáde. Ó ní, "Ìyá mi náà ní irú ẹ̀," ó sì wọlé. Gülizar lọ sí ilé ìtọ̀, ó já ọmọ àgbá bọ́, ó fi àwòrán obìnrin kékeré náà lé Nevzat lọ́wọ́. Wọ́n gbé àgbá wọ bọ́ọ̀sì.

Ìbá dára bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Zöhre fi ìda oyin tó yọ́ dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi eérú àti omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, ó fi iyanrìn ha á, ó sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá ó gún wàrà. Bọ́tà léfòó dáadáa. Ó bu ayran, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Fáníìṣì ni. Wọ́n ti kun inú rẹ̀ náà. Ó bu díẹ̀ fún ajá. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó rìn lọ.

Zöhre gbé odindi àgbá, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú Seyfi tó ń tún katakata ṣe, wàrà funfun bo bàtà rẹ̀.

"Mu ẹ̀bùn rẹ!"

Láti ọjọ́ náà, ó ń fún ọmọ rẹ̀ ní oúnjẹ, kò fún un lọ́rọ̀.

Oòrùn wá ń mú, wàrà ń kan jù. Gülizar ló gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́ tó wà nínú àká jáde, ó ní àwọn obìnrin abúlé ìsàlẹ̀ ń fi po wàrà.

"Ibi tí wọ́n ti fọ ṣòkòtò Seyfi ni kí n ti mu ayran?"

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀meje ni mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́."

Ẹ̀rọ náà yí, ó ń kùn yunmu. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí bọ́tà fi dì. Zöhre mu ife kan, ó mu èkejì. Ó dùn. Inú sì tún bí i pé ó dùn.

Seyfi dé láti oko, òógùn ń jábọ́ lágbọ̀n rẹ̀. "Ìyá, ẹ bù díẹ̀ fún mi."

"Dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni ìyá rẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, ó sì gbé ife kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó.

Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Lópin oṣù Seyfi pa òbúkọ tirẹ̀, ó bó awọ rẹ̀ lódindi, ó ní òun fẹ́ fi ṣe àpò ìpo-wàrà, irú èyí tí àwọn òbí ìyá rẹ̀ ń lò nínú àgọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ igi. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ọjọ́ kẹta gbogbo agbo ilé ń rùn.

Zöhre jáde, ó di imú. "Kí lèyí? Òkú ta lo gbé so sókè yìí?"

"Ìyá, mo fẹ́..."

"Mo rí ohun tó o fẹ́! Iyọ̀ dà? Èèpo igi dà? Ta ló ń sá awọ sóòrùn láìbu iyọ̀ sí i, ìwọ aláìgbọ́n? Jù ú nù! Pa òmíràn, kí o sì dúró síbí kí n fojú rí ọwọ́ rẹ."

Ó pa òmíràn. Zöhre jókòó lórí àpótí, ó ń bú u bí ó ṣe ń ha irun kúrò, ó ń bú u bí ó ṣe ń rẹ awọ sínú omi èèpo igi, ó ń bú u bí ó ṣe ń di ẹsẹ̀ àti ọrùn awọ náà. Ó bú Durali bàbá rẹ̀ tó kú mọ́ ọn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Durali. Gülizar gbé tíì fún wọn, ó ń gbé ẹ̀rín mì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ, wọ́n so awọ tó kún fún wàrà rọ̀ sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Seyfi ló ń mì í síwá sẹ́yìn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé róro. Ó dáwọ́ dúró láti fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ta ló ní kí o dúró?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Mì í!"