Wọ́n Ní Bàbá Àkànní Ló De Òjò Agbowó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ládùúgbò wa ní Agbowó. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ mọ̀ mí ṣá, èmi tí mo fi ike omi àti rúlà wọn òjò lẹ́yìnkùlé! Látìgbà tí àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ike náà gbẹ. Kànga wa náà gbẹ. Mò ń ṣàlàyé pé èéfín tí ayé ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń da ojú ọjọ́ rú. Ta ló gbọ́? “Tíṣà Òjò” ni wọ́n ń pè mí.

Àwọn ará àdúgbò ti rí ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi: Bàbá Àkànní, arúgbó tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nílé wa. Bàbá ló máa ń bá èèyàn de òjò, kó má ba ìnáwó jẹ́. Wọ́n ní ó de òjò fún olówó kan ní Bódìjà, kò sì tú u.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fọ́ fèrèsé rẹ̀. Ìyá Ràṣídà, tí Bàbá ti bá de òjò rí nígbà ìkómọ ọmọ rẹ̀, ló ń pariwo jù: “Bàbá, ẹ tú òjò wa! Àbí itọ́ lẹ fẹ́ ká máa fi wẹ̀?”

Bàbá ò sẹ́. Báwo ló ṣe máa sẹ́ ohun tó fi ń jẹun?

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ èéfín mi, àfi bí mo ṣe rí òkúta lọ́wọ́ wọn. Mo kàn bi Ìyá Ràṣídà bóyá òjò ti rọ̀ ní Ṣakí, ìlú wọn. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e sí sípíkà. Ẹ̀gbọ́n ní àgbàdo táwọn gbìn ti kú, àwọn tún un gbìn, ó tún kú. Ẹlòmíràn pe Kíṣì. Bákan náà ni!

Mo wá bi wọ́n: ṣé ọwọ́ Bàbá gùn dé gbogbo ibẹ̀ ni?

Bàbá fúnra rẹ̀ ló fọhùn.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò de òjò rí láyé mi. Ojú ọ̀run ni mo máa ń wò kí n tó gbaṣẹ́. Òjò tí kò ní í rọ̀ ni mò ń dè. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ìsinsìnyí kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Mi ò lè kà á mọ́.”

Wọ́n ju òkúta sílẹ̀, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Onírọ́!”

Ní báyìí, Ìyá Ràṣídà máa ń wá wo ike mi láràárọ̀, á sì bi mí lọ́rọ̀ èéfín. Ṣùgbọ́n Bàbá ti lọ. Ọmọ rẹ̀ ló wá mú un lọ sí àdúgbò Challenge. Èmi ni mo bá a gbé ẹní rẹ̀ dé títì. Kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: kí ẹ tó ṣàlàyé fún èèyàn, ẹ bi í ní ohun tójú tirẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ tètè bi í, kí ó tó ṣa òkúta.

Báwo lòjò ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ tiyín? Ta ni wọ́n ń dá lẹ́bi níbẹ̀? Ẹ sọ fún wa.