Àwo Tí Àǹtí Mi Fọ̀

Ohun tí a ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà: fóònù, ike mínírà, bọ́tìnnì ẹ̀rọ báńkì. Màá fi òwú nù ún, màá fi òwú náà kan ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ nínú àwo, kòkòrò tíntìntín tí ọwọ́ ènìyàn fi sára rẹ̀ á sì hù níbẹ̀ bí ebu. Màá ya fọ́tò rẹ̀ kọ́ sára ògiri.

"Ìdọ̀tí lò ń sìn bí ẹni ń sin adìẹ," ni ìyá mi máa ń wí.

Nígbà tó kú ní Oǹdó, fóònù kékeré rẹ̀ nìkan ni mo bèèrè. Mo nù ún, mo gbé àwo náà sórí tábìlì mi ní Àkúrẹ́, mo ń ṣọ́ ọ bí ọmọ jòjòló. Ní ọjọ́ kẹrin, ó hù. Ohun kan láti ọwọ́ ìyá mi ṣì wà láàyè.

Lọ́jọ́ kejì tó hù, àǹtí mi, àbúrò ìyá mi obìnrin, wá kí mi. Mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Kí n tó dé, ó ti gbálẹ̀, ó ti fọ gbogbo àwo, ó dojú àwo ti ìyá mi náà dé kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ.

Inú bí mi gan-an.

"Ebu ti hù nínú àwo rẹ, ọmọ mi," ni ó wí. "Ìyá rẹ ò jẹ́ gba irú ẹ̀."

Mo ya ẹnu láti pariwo, àmọ́ kò parọ́. Ká ní ìyá mi wà láyé, òun gan-an ni ì bá fọ̀ ọ́.