Ọwọ́ Ọ̀tún Piyatissa

Ọdún mọ́kànlá ni Piyatissa fi dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta fún ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì wa ní ìlú Moratuwa. Bọ́ọ̀lù tó bá kọjá ẹni tó ń gbá a, òun ló ń hán an. Tó bá hán an, ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́. Èmi tí mò ń kọ àmì ayò sílẹ̀ nìkan ni mo mọ iye tó ń hán.

Nínú ẹgbẹ́ wa, Jagath ló sábà máa ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń gbá a. Piyatissa ló bá a lọ tọrọ ìyàwó.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n yan àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè ní Ọsirélíà, bọ́ọ̀lù Jagath ṣẹ́ Piyatissa ní ìka ọwọ́ ọ̀tún níbi tí àwọn méjèèjì ti ń dánra wò. Piyatissa ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wọn ò yàn án rí.

Piyatissa ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló máa fi san. Ìrìn àjò ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?" ni Jagath wí.

Láti ọjọ́ náà, Piyatissa ò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, á tẹrí ba, bí àwọn bàbá wa ṣe ń kíni.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ máa fá orí, kí ẹ di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà?" ni Wijepala, ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, fi ń dápàárá.

"Tí mo bá fá a, ìwọ lo máa máa bu oúnjẹ sínú abọ́ ìtọrọ mi láràárọ̀."

Àwọn àgbà mẹ́ta tó ń yan ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wá wò wá lọ́jọ́ Sátidé. Piyatissa de ìka náà mọ́ èkejì nínú ìbọ̀wọ́. Kò sí bọ́ọ̀lù kan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn eré náà, àwọn àgbà náà wá kí wa. Piyatissa pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì dá a lóhùn bákan náà. Ni Jagath bá na ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ jẹ́ ká bọwọ́."

Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fún un pinpin. Piyatissa figbe ta.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà náà ní, "Jẹ́ kí n wò ó."

Nígbà tí wọ́n lọ, Jagath wá bá a. "Ẹ má bínú. Tí bọ́ọ̀lù mi bá bọ́ lọ́wọ́ yín lọ́hùn-ún, èmi ni wọ́n máa dá padà sílé."

"Mélòó ló bọ́ lónìí?"

Wọn ò yan Piyatissa.

Jagath lọ sí Ọsirélíà, ó sì padà dé. Ọdún mẹ́rin sí i ni Piyatissa fi hán bọ́ọ̀lù rẹ̀ fún wa, àmọ́ kò jù ú padà fún un mọ́. Ẹlòmíì ló ń jù ú sí, onítọ̀hún á wá gbé e fún Jagath.