Pèrègún Òdìkejì Odò

Àárọ̀ kùtù ni. Ìyá bàbá mi dúró létí odò, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, òjìji rẹ̀ sì nà gbọọrọ sórí omi títí dé òdìkejì. Ó fi àdá tọ́ka sí i.

"Ẹ ò rí i? Kí ẹsẹ̀ mi tó dé ibẹ̀, òjìji mi ti gbà á."

Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọ inú omi. Èmi gbé kèrègbè omi mímu tẹ̀lé wọn.

Aba wa kò jìnnà sí Ìlógbò. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà nígbà náà, wọn ò tíì dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀. Gbogbo wa la gbà pé ìwọ̀-oòrùn ni Ọlọ́run fún wa. Ìlà-oòrùn ti di ilé àti ọ̀nà mọ́tò, oko àwọn àna wa sì dí ọ̀tún àti òsì. Wọ́n ní ẹni tó tẹ aba náà dó ló sọ pé kí ọmọ òun máa tẹ̀lé oòrùn lọ, kò sẹ́ni tí yóò dá a dúró. Nínú àdúrà àárọ̀ pàápàá, bí bàbá mi bá ti tọrọ oúnjẹ òòjọ́, á tọrọ ìwọ̀-oòrùn mọ́ ọn.

Lọ́dún yẹn, ó di dandan. Kòkó wa ti gbó, kò so mọ́. Bàbá mi ní bí òun ò bá rí ilẹ̀ gbin òmíràn, Àkúrẹ́ ni òun yóò kó wa lọ, kí òun lọ ṣe lébìrà. Ìyá àgbà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Àkúrẹ́ sétí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣán igbó, tí òórùn ewé tútù gba gbogbo imú. Ní ọjọ́ kẹrin, àdá dákẹ́. Pèrègún ló tò síwájú wa gbọọrọ bí ọmọ ilé ìwé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni bá rí pèrègún ti rí ààlà. Ẹsẹ̀ kì í kọjá rẹ̀. Kò pẹ́ ni bàbá kan tó ní kòkó lápá ibẹ̀ yọ sí wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti yó ni, àbí ẹ ṣì ń bọ̀? Pèrègún bàbá mi lẹ ń wò yẹn."

"Ta ló gbìn ín lójú yín?" bàbá mi bi í.

"Pèrègún kì í dédé hù. Ẹ bi ìyá yín."

Wọ́n ránṣẹ́ pe àgbà méjì láti ìlú. Bàbá mi jókòó sórí kùkùté. Mo mọ̀ pé ó ti ń di ẹrù wa nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà dé, ìyá àgbà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Òótọ́ ni, kì í dédé hù. Ọkọ mi ló rì í mọ́lẹ̀. Ọdún tí mo dé ulé rẹ̀, ọ̀pá tí uṣu ń fà mọ́ wọ́n, ló bá gé pèrègún fi ṣe ọ̀pá. Uṣu kò ta, ọ̀pá ló yọ ewé. Gbogbo aba fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi pa oko náà tì. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Ìyá, àlọ́ lẹ ń pa," bàbá náà wí.

"Ẹ tẹ̀lé mi."

Ó wọ inú igbó, àwa náà tẹ̀lé e. A kò rìn ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ tí a fi bá ẹsẹ̀ pèrègún kejì, tó tò gbọọrọ bíi ti àkọ́kọ́. A tún rìn, a bá ẹ̀kẹta. Méje ni gbogbo rẹ̀, ó tò bí ebè ṣe ń tò. Ìyá àgbà yíjú padà.

"Ààlà mélòó ni bàbá yín pa sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo?"

Àwọn àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ nu ojú.

"Ta ní í fi pèrègún ṣe ọ̀pá uṣu?"

"Ọkọ mi," ni ìyá àgbà dáhùn, bí ẹni ń dárúkọ oyè. Àwọn àgbà ní tiwa ni ilẹ̀ náà. Bàbá mi dìde lórí kùkùté, ó gbé ìyá rẹ̀ sókè bí ọmọ ọwọ́.

Níbi tí ẹsẹ̀ keje parí sí, kòkó bàbá náà ló bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní ká máa tẹ̀ síwájú, oòrùn ò kúkú tíì dúró. Ìyá àgbà fi àdá há abíyá.

"Ẹni tó gbin nǹkan ti wà níbẹ̀. Ẹ padà."

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, a gbin kòkó wa síbẹ̀. A ò gbọ́ Àkúrẹ́ mọ́.

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí, ìwé díẹ̀ sì ni mo kà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ibi báyìí ni tèmi parí sí, n kì í bá a jiyàn. Mo máa ń ní kó ṣíwájú, ká jọ wọ inú igbó lọ wò ó, bí ìyá bàbá mi ti ṣe.