Ẹkún Ẹ̀ẹ̀mejì Nítorí Àpò Ìrẹsì Kan

Tí ẹ bá gbọ́ ẹni tó ń sunkún lórí rédíò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ara yín léèrè iye ìgbà tí wọ́n ní kó sun ún kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Èmi ni mo ń gba ẹkún sílẹ̀ nígbà kan. Iṣẹ́ mi ni. Mo máa ń jókòó sí yàrá kékeré kan lókè ilé ìtajà fóòmù ní Gurley Street, ní ìlú Monrovia, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí bọ́tìnì rẹ̀ máa ń há, aráàlú á sì máa wọlé wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ bí nǹkan ṣe le fún wọn tó. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń rí mi lára.

Rédíò aráàlú ni wọ́n pè é. Kò ní olówó kan tàbí ìjọ kan lẹ́yìn, owó ìlú ni wọ́n fi ń tan iná rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, a ní ètò òwúrọ̀ kan tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, èmi ni mo sì ń kà á: ibi tí àwọn apẹja ti gúnlẹ̀, ọjà tí ìrẹsì ti dínwó díẹ̀, ẹni tó ń wá alágbàṣe ní èbúté, ẹni tó ti kó àtẹ rẹ̀ kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn. Kò dùn létí. Kò lórin nínú. Ṣùgbọ́n mo ti rí awakọ̀ kan tó dá ọkọ̀ dúró ní ELWA Junction kó lè gbọ́ ọ parí, tí àwọn èrò inú ọkọ̀ ò sì bú u. Ẹni tó bá mọ Monrovia á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Nígbà tí ọjà wá gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ ilé ń dáná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn di wákàtí kan. Wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀gá ètò wa ní kò mówó wọlé. Orí bíbẹ́ di oògùn orí fífọ́. Ọkùnrin kan tó ń kó ìrẹsì wọ̀lú ní òun fẹ́ ran aráàlú lọ́wọ́, wọ́n sì gbé àkókò náà fún un. Ẹni tí ìyà ń jẹ á wá ròyìn, a ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á gba àpò ìrẹsì kan, a ó sì dárúkọ ẹni tó fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkùnrin tó fowó lé ìrẹsì ń fi àpò ẹyọ kan ra orúkọ rere, àwa sì ń bá a pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń lékè, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé kí ọwọ́ náà di gbohùngbohùn mú.

Ọ̀gá ètò yìí, ẹni tí lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ní òfin kan tí kò kọ sílẹ̀ níbì kankan: kò sí ẹkún, kò sí ìrẹsì. Á kàn nàka sí ojú ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á wá sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Small tears, my sister. The people must feel it o." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí owó oṣù.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa, ọ̀kan lára àwọn ìjọ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ níbí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bíi bàbá mi, ó sì ti ń yan ẹja tà ní New Kru Town kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ ibí ni ìyá tó bí mi, Yorùbá tirẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, nítorí náà màmá ẹlẹ́ja yìí nìkan ni obìnrin tó ń fi Yorùbá bá mi wí. Tí mo bá pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, á fà mí létí, bí mo ṣe dàgbà tó yìí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ etí ilẹ̀ New Kru Town díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún náà, ó jẹ ààrò rẹ̀. Màmá kó wáyà tó fi ń yan ẹja, agbọ̀n àti igi ìdáná tó ṣẹ́kù, ó lọ tẹ́ wọn sí ẹ̀yìn ilé ìwé kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ síbẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì le, ẹja rẹ̀ ṣì dára. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọnù. Wọ́n á dé etíkun, wọ́n á bá omi níbi tí ààrò wà, wọ́n á sì yíjú padà sílé.

Ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan. "Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo wà ní rédíò? Bá mi sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà mi pé mo ti wà lẹ́yìn ilé ìwé. Gbólóhùn kan péré ni."

Gbólóhùn kan péré. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó ní ìpolówó ọjà nìyẹn, kí ó lọ sanwó ní ẹ̀ka ìpolówó. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́. "But bring the old ma for the rice program," ló wí. Ó ní tí ó bá ń ròyìn ìyà rẹ̀, ta ló ní kó má sọ ibi tó wà? Mo rò pé mo ti gbọ́n jù ú lọ. Mo sọ fún màmá pé kó wá, kó sọ bí omi ṣe gbé ààrò rẹ̀ lọ, kó sì fi ibi tó wà báyìí parí ọ̀rọ̀.

"N kò wá ìrẹsì o," ló ní.

"Mo mọ̀, mà."

Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ wá. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ bí oníṣòwò, láìgbọ̀n. Ọ̀gá ń nàka sójú lẹ́yìn rẹ̀ ṣáá. Nígbà tí ó rí i pé omi kankan ò bọ̀, ó béèrè ọkọ rẹ̀. Ọkọ ti kú. Ó béèrè bí ọkùnrin náà ṣe kú, ó tún béèrè ohun tí ì bá wí bó bá rí ìyàwó rẹ̀ lónìí. Màmá fi etí gèlè bo ojú, ó sì sunkún, ẹkún tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó gbé orí sókè, ó wá sọ ọ́ ketekete: ẹ̀yìn ilé ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹja wà.

Mo wo ẹ̀rọ. Bọ́tìnì ti há. Kò gba nǹkan kan sílẹ̀.

"No problem," ni ọ̀gá wí. "Ma, we will do it again. Just like that one."

Màmá gbọ́ ọ yé. Èmi ló kọjú sí, kò wo ọkùnrin náà rárá. "Kí n tún un sun?"

Ó yẹ kí n dìde. Ó yẹ kí n dì í lọ́wọ́ mú, kí a jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì. Ohun tó ti ẹnu mi jáde ni, "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ó tún un sun. Ẹkún kejì ò lómi, ohùn lásán ni, bí ẹni ń fara wé ara rẹ̀. Ọ̀gá ní ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó dúró lẹ́yìn àga mi, lọ́fínńdà rẹ̀ ń wọ̀ mí nímú, ó ní kí n gé ohùn náà síbi ẹkún, kí orúkọ oníìrẹsì tẹ̀ lé e kíá. Mo ní ibi tó wà ńkọ́? Ó ní ìpolówó ni, ó ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ìka tèmi ló gé e. Gbólóhùn kan tó tìtorí rẹ̀ wá, mo gé e dànù bí ẹní gé èékánná, mo sì wọkọ̀ lọ sílé, mo jẹun.

Ẹkún náà jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo ìlú gbọ́ pé òkun ti ba ti ìyá ẹlẹ́ja jẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ó ṣì ń tà. Pásítọ̀ wa pè é síwájú ìjọ, ó gbàdúrà lé e lórí bí ẹni tí ayé rẹ̀ ti parí. Obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ, tó máa ń ra agbọ̀n kan kún lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ti bá ẹlẹ́ja mìíràn dòwò pọ̀, ó wá wá a kàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àpò aṣọ àlòkù. "Sorry yah, Ma," ló ń wí, omi lójú.

"Wọ́n wá o," ni màmá sọ fún mi lọ́jọ́ náà. "Kò sẹ́ni tó béèrè ẹja." Mo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, kò fà mí létí.

Ara mi wá kó mi nírìíra. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo ka ìròyìn àárọ̀, èyí tí wọn ò pa rẹ́ ní tirẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, n kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sọ ọ́: ìyá tó ń yan ẹja létí òkun New Kru Town wà lẹ́yìn ilé ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ẹja wà. Mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo tún un sọ ní Yorùbá. Kò gbà ju ìwọ̀nba ìgbà téèyàn fi ń bu omi mu lọ. Kí n tó jáde ní sítúdíò, ọ̀gá ti kọ ìwé ìbáwí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbà á, mo ká a. Inú mi dùn sí ara mi, n kò ní tàn yín.

Àpò ìrẹsì màmá ṣì wà ní ọ́fíìsì, kò wá gbé e. Mo ní àǹfààní nìyí láti parí iṣẹ́ rere mi. Mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó di New Kru Town.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, nínú èéfín, agbọ̀n mẹ́ta kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ ò kàn. Ó rí mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì dìde pẹ̀lú ẹ̀rín tí n kò rí lójú rẹ̀ láti ìgbà tí òkun ti gbé ààrò lọ.

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ yìí!" ló ń kígbe. "Ìwọ lo kọ́kọ́ dé! Jókòó, jókòó. Mélòó ni kí n dì fún ẹ?"

Ó ti ṣí agbọ̀n, ó ti tẹ́ ìwé tí yóò fi dì í. Àpò ìrẹsì wà lẹ́sẹ̀ mi, n kò mú owó ẹja dání rárá.